Yẹtí Mẹ́rin ní Ẹnu Yẹ́misí

Kí Daniel Ògúndáre tó wọ yàrá kankan nínú ilé ara rẹ̀, yóò kọ́kọ́ wúkọ́. Kì í ṣe pé òtútù mú un. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ará àdúgbò ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́ sì ti gbà pé bí àyà rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Àyọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ ohun tí ikọ́ náà wà fún, Àyọ̀kẹ́ yóò sì pé ọdún kan nínú ilẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni Yẹ́misí, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí tó yè, dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìrántí ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ọ̀dọ̀ Marufat, àbúrò ìyá rẹ̀, ló ń gbé níbẹ̀, tó ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama. Daniel jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi bíléèdì gé èékánná. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó kí i. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sábẹ́ ahọ́n.

Daniel gbé ojú sókè. Bíléèdì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló gbá ọ lẹ́nu?"

"Kò sẹ́ni tó gbá mi lẹ́nu, sà."

"Ọkọ̀ yín dànù ni?"

"Ọkọ̀ wa ò dànù, sà."

"Kí ló wá dé tí irin fi wà lẹ́nu rẹ?"

"Kì í ṣe irin, sà. Wúrà ni."

Méjì wà ní ètè ìsàlẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ọ̀kan wà ní ètè òkè. Nígbà tí bàbá rẹ̀ ní kó la ẹnu, tó la ẹnu, tó yọ ahọ́n, ẹ̀kẹrin wà láàárín ahọ́n, ó ń tàn bí ojú ológbò. Ètè náà ti wú. Daniel wo òrùka kéékèèké mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà fún ìgbà pípẹ́, kì í ṣe nítorí pé kò mọ̀ wọ́n. Yẹtí Àyọ̀kẹ́ ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kí wọ́n tó bí Yẹ́misí, ọmọ méjì ti kú mọ́ Daniel àti Àyọ̀kẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, Daniel dìde ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú gbogbo ìjọ. Ẹ̀jẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní ìparí, ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ nìkan làwọn ènìyàn gbé délé: pé bí Ọlọ́run bá dá ọmọ yìí sí, yẹtí kankan, ìbáà ṣe wúrà, ìbáà ṣe fàdákà, ìbáà ṣe ìlẹ̀kẹ̀, kò ní wọ etí rẹ̀. Ọlọ́run dá ọmọ sí. Bí gbogbo ọmọbìnrin Ọ̀yọ́ ṣe ń lu etí ní ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, etí Yẹ́misí dán bí etí ọkùnrin.

Kí ọmọ náà má baà máa ṣe ojúkòkòrò, Daniel bẹ Àyọ̀kẹ́ pé kó bọ́ tirẹ̀ náà sílẹ̀. Ọmọ alágbẹ̀dẹ wúrà ni Àyọ̀kẹ́, ihò méjì méjì ló wà ní etí rẹ̀, bàbá rẹ̀ ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe yẹtí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un. Ó ní òun ti gbọ́. Ó kó wọn sínú agolo Ofatín, ó gbé agolo sábẹ́ aṣọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán, tó bá ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, á kó wọn sí etí, á sì máa dáná. Bó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò, méjì á kan ara wọn, wọ́n á dún kín-ín. Daniel máa ń gbọ́ ọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yóò dìde, yóò rìn dé ẹnu ọ̀nà, yóò wúkọ́, yóò dúró díẹ̀. Bó bá ṣílẹ̀kùn, etí Àyọ̀kẹ́ á ti ṣófo, á máa ro ọbẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Wọn kò fi ẹnu sọ ọ́ fún ara wọn rí títí ikú fi dé.

Orí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àyọ̀kẹ́ ti wá sọ ọ́. Ó ní, "Bàbá Yẹ́misí, ẹ jẹ́ kó máa lo yẹtí mi. Ẹ má jẹ́ kó sùn sínú agolo."

Daniel ní, "Mo gbọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Daniel ti ṣe akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìntì. Ó mọ̀ dájú pé ẹni tó ní òun gbọ́ kò tíì ní òun gbà. Yẹ́misí tó dúró ní ìdí bẹ́ẹ̀dì kò mọ èyí. Ó gbà pé bàbá òun ti ṣèlérí, ó sì kó yẹtí náà kúrò nínú agolo lọ sí ọ̀dọ̀ Marufat.

Ọ̀rọ̀ yìí ló wá délẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì.

"O mọ̀ pé mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́."

"Etí lẹ wí, sà."

"Yẹ́misí!"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, sà. Ẹ ní ohun tí ènìyàn ò bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ní kóòtù, akọ̀wé ò gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ò dárúkọ ètè. Ẹ ò dárúkọ ahọ́n."

Daniel fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n akọ̀wé tó wà nínú rẹ̀ yára ju bàbá lọ. Ó bi í pé, "Imú ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé o ń wá ibòmíràn, imú kò ha sún mọ́ etí ju ẹnu lọ?"

"Ọ̀fìnkìn máa ń ṣe mí, sà."

 Daniel ní kó yọ wọ́n. Yẹ́misí ní òun ò lè yọ wọ́n, nítorí pé Mùílì, ọkọ Marufat, alágbẹ̀dẹ wúrà, ti fi ẹ̀mú pa ojú wọn dé kí òun má baà gbé wọn mì lójú oorun. Àti pé bí ó bá tilẹ̀ ṣeé ṣe, ìyá òun ní kí òun lò wọ́n, òun fẹ́ lò wọ́n ní ọjọ́ ìrántí rẹ̀.

"Ìyá rẹ ò fẹ́ irú ìranù báyìí," ni Daniel wí. Láti ọdún kan wá, bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn: ìyá rẹ ò fẹ́, ìyá rẹ ń sọ pé. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, nígbà tí òun nìkan ṣì wà nílé, ife ẹ̀kọ méjì ló bù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, àwọn àgbà ìjọ, tí Daniel náà jẹ́ ọ̀kan lára wọn, wá láti ṣètò ìsìn ìrántí: Pásítọ̀ Fáwọlé, Alàgbà Ògúnlànà, tó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí Daniel jẹ́jẹ̀ẹ́, àti Ìyá Ìjọ Olúfúnkẹ́. Wọ́n ti pín orin, wọ́n ti ní Yẹ́misí ni yóò ka Sáàmù fún ìyá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìjọ, kí ọmọ náà tó gbé omi wá, tó kúnlẹ̀, tó ní ẹ kú àárọ̀, sà.

Ìyá Ìjọ pariwo, ó gbá orí mú. Pásítọ̀ gbé gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀, ó bọ́ ọ, ó tún un wọ̀.

Ìpàdé náà di ẹjọ́. Ìjọ kò kórìíra yẹtí, ọ̀kan wà ní etí Ìyá Ìjọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ́ ni ọ̀ràn. Alàgbà Ògúnlànà ní òun gbọ́ ọ ní etí òun méjèèjì, etí ni Alàgbà Daniel wí. Ẹnu kì í ṣe etí. Ní ti òun, ọmọ náà ya wèrè ni, ṣùgbọ́n kò ba ẹ̀jẹ́ jẹ́.

"Ẹ dúró," ni Ìyá Ìjọ wí. "Nígbà tí etí ọmọ mi ń tú, tí mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà, ṣé ẹ mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n ní kí n wọ̀? Ilẹ̀kùn etí, imú àti ọ̀fun. Ilẹ̀kùn kan. Dókítà kan. Bí ìjọba bá kó wọn sínú yàrá kan, ta ni àwa tí a fẹ́ pín wọn níyà?"

Pásítọ̀ ronú sí i. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀. Ó ní bí ọ̀nà bá wà láti ẹnu dé etí, a jẹ́ pé ohun tó wọ ẹnu ti wọ etí, bí ẹni tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó ní àwọn lè yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀. Kí kálukú di imú rẹ̀, kó pa ẹnu dé, kó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ dáadáa.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di imú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú, ojú wọn ràn. Safurat, ará ilé kejì, yọjú láti ojú fèrèsé, ó rí wọn, ó rọra yí padà. Ó ní, "Ẹ kú àdúrà o. Ọlọ́run á gbọ́."

"Ó dún!" ni Pásítọ̀ wí, ó ń fi ìka ro etí. "Etí mi òsì dún pọ́!"

"Tèmi náà dún," ni Ìyá Ìjọ wí.

Ti Alàgbà Ògúnlànà kò dún. Wọ́n ní kó tún fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ, ó só dípò kí etí rẹ̀ dún, kò sì sí ẹni tó wo ojú ẹnì kejì.

Daniel wúkọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Pásítọ̀. Bí mo bá fẹ́ fọ etí mi, ṣé kí n máa bu omi sẹ́nu?"

Ẹnu ya òun fúnra rẹ̀ pé òun ń gbèjà ọmọ náà.

"Ẹ má bínú, Alàgbà," ni Pásítọ̀ wí. "Ẹ̀jẹ́ yín là ń bá yín ṣọ́. Bí àwọn nǹkan yìí bá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ ní ọ̀la, a ò ní lè ṣe ìrántí náà nínú ìjọ, ẹ ò sì ní lè jókòó sí àga àgbà mọ́. Kì í ṣe ìkà."

Bí wọ́n ti lọ ni Daniel mú fìlà. Bí kò bá sí ìrántí nínú ìjọ tí Àyọ̀kẹ́ ti ń kọrin láti ìgbà tó ti dé ilé ọkọ, ibo ni wọn yóò ti ṣe é? Ó ní kí Yẹ́misí dìde, àwọn ń lọ bá Mùílì kó yọ ọ́. Yẹ́misí kò jiyàn. Omi kàn ń dà lójú rẹ̀, ó ń gba ara òrùka ètè rẹ̀ kọjá bí òjò lórí páànù.

Nínú ọkọ̀ Pijó tí wọ́n wọ̀, dẹ́rẹ́bà wo ẹ̀yìn nínú dígí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ yín ti sọ̀rọ̀ jù ni ẹ fi fi kọ́kọ́rọ́ tì í lẹ́nu? Ẹ bá mi ra irú ẹ̀ fún ìyàwó mi."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Yẹ́misí yọ ahọ́n sí i. Dẹ́rẹ́bà rí wúrà ahọ́n náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wa ọkọ̀ wọ koto, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìsọ̀ Mùílì wà nítòsí Ọjà Igbó. Ọkùnrin tó sanra ni, tó máa ń jókòó sórí àpótí kékeré bí ẹni tí kò ní àpótí nídìí. Bó ti rí wọn ló dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀! Ṣé wíwú ẹ̀ ti ń lọ? Mo ní kó máa fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́."

"Mùílì, kí ló ṣe ọ́ tí o fi lu ẹnu ọmọ?"

"Ó ní ẹ ti gbà ni!" Mùílì na ọwọ́ méjèèjì. "Ó ní etí nìkan lẹ ò gbà. Mo ní ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì, mélòó la fẹ́ mọ̀ nínú òfin yín? Mo ní bóyá ìjọ yín ló ní ẹnu ni kí wọ́n máa lò ó sí."

Marufat jáde láti inú ilé. "Ẹ ẹ̀ rí i, Bàbá Yẹ́misí? Mo wí fún un! Mo ní, 'Mùílì, ìjọ wo ló ń fi ẹnu wọ yẹtí?' Ó ní kí n dákẹ́, pé mi ò mọ̀wé."

"Èmi náà ò mọ̀wé," ni Mùílì wí. Ó mú ẹ̀mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi di orí ẹ̀ mú."

Daniel di orí ọmọ rẹ̀ mú. Kò tíì fọwọ́ kan orí náà láti ọjọ́ ìsìnkú. Mùílì sún ẹ̀mú mọ́ ètè, Yẹ́misí sì gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ dúró ná. Bàbá mi, ìyá mi ní kí n lò ó, ẹ̀jẹ́ ní kí n má lò ó. Mi ò gbọ́ odindi ẹ̀jẹ́ náà rí. Bí mo bá máa yọ ọ́, ẹ jẹ́ n gbọ́ ohun tó yọ ọ́."

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní kóòtù, wọ́n máa ń ka ẹ̀sùn fún olùjẹ́jọ́. Daniel ṣí fìlà. Ó dúró ṣánṣán láàárín ìsọ̀, ó sì kà á bó ti kà á ní ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn:

"Èmi Daniel Ògúndáre jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú Ọlọ́run àti níwájú ìjọ yìí, pé bí Ọlọ́run bá dá ọmọ yìí sí, níwọ̀n ìgbà tí èmi àti Àyọ̀kẹ́ aya mi bá jọ wà láàyè..."

Ó dákẹ́.

"Ẹ parí ẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ni Mùílì wí.

Ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí. Nígbà tó dé ibi tó dákẹ́ sí, ó tún dákẹ́. Ní ìta, ẹnì kan ń ná owó ata. Marufat ti fi ọwọ́ bo ẹnu.

Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó má gbàgbé ọ̀rọ̀. Kì í kàn kà á débẹ̀ ni, nítorí pé bó bá kà á débẹ̀, yóò di dandan kí ó sọ ohun kan tí kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ láti ọdún kan, tí ó ń bu ife ẹ̀kọ méjì, tí ó ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná tí kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Ó jókòó sórí àpótí Mùílì.

"Àyọ̀kẹ́ ti kú," ló wí. Ó wí i fún Mùílì, bí ẹni pé kì í ṣe Mùílì ló bá wọn gbé e sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀jẹ́ náà ti tán. Láti ọjọ́ tó ti kú ló ti tán."

 Yẹ́misí yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé mo lè ti lu etí mi láti èṣí?"

"O lè ti lù ú."

"Ahọ́n mi wá ńkọ́, sà?"

Mùílì gbìyànjú. Ó di ẹ̀mú mú, ó wo òrùlé, ó bu ètè jẹ. Níkẹyìn ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ nínú eérú, Marufat ń fi ìdí abẹ̀bẹ̀ gbá a lórí, òun náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.  Daniel wúkọ́, ó tún wúkọ́.

Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, Mùílì ti yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti fi abẹ́rẹ́ àti òrí lu etí Yẹ́misí ní ihò méjì méjì, ó sì ti kó wọn sí ibi tó yẹ kí wọ́n ti wà.

Ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì, Pásítọ̀ Fáwọlé sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé wọn ní àárín ọ̀nà.

"Alàgbà! A ní kí ẹ yọ ọ́ ní ẹnu, ẹ wá lọ kó o sí etí gan-an?"

 Daniel rìn lọ síwájú, ó kọjú sí ìjọ, ó ka ẹ̀jẹ́ rẹ̀ láti orí dé ìdí, kò dákẹ́ níbì kankan. Lẹ́yìn rẹ̀ ló ní, "Àyọ̀kẹ́ aya mi kú ní òní ọdún kan. Àwa méjèèjì kò jọ wà láàyè mọ́." Ó jókòó sí àga rẹ̀.

Alàgbà Ògúnlànà dìde díẹ̀díẹ̀. "Òótọ́ ni. Bó ti wí i nìyẹn. Mo wà níbẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ lánàá?" ni Pásítọ̀ bi í.

"Lánàá, imú lẹ ní kí n dì."

Pásítọ̀ ní kò burú. Ṣùgbọ́n nítorí pé wàhálà ti pọ̀ lórí rẹ̀, ó kéde pé ìdájọ́ lórí ti ẹnu ṣì dúró, ọmọ ìjọ kankan kò gbọdọ̀ fi yẹtí sí ẹnu. Ìjọ ní àmín. Títí di òní, kò tíì sí ẹni tó dán an wò.

Yẹ́misí ka Sáàmù. Ahọ́n rẹ̀ ṣì wú, ọ̀rọ̀ kò já geere. Nígbà tó kà á dé àárín, òùngbẹ gbẹ ẹ́, wọ́n bu omi fún un. Omi náà wọ ẹnu, ó sì gba ihò méjèèjì ètè ìsàlẹ̀ jáde, ó ń kán sí àyà aṣọ rẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn, tí wọn kò ríran dáadáa, rò pé ẹkún ni. Wọ́n bú sẹ́kún. Ìrántí kankan kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìjọ náà.

Ní ọ̀sán, lẹ́yìn tí àwọn àlejò ti jẹun tí wọ́n ti lọ, Daniel nìkan ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná wà ní títì. Ó gbọ́ ọ: kín-ín. Ó dákẹ́, ó tún dún.

Ó dìde. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ikọ́ náà ti gun dé ọ̀fun rẹ̀. Ó gbé e mì, ó sì ṣílẹ̀kùn.

Yẹ́misí bẹ̀rẹ̀ mọ́ agbada, ó ń fọ̀ ọ́. Ó yíjú padà. Ọwọ́ rẹ̀ kò lọ sí etí.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ló wí. "Ṣé ẹ fẹ́ nǹkan ni?"

"Rárá," ni Daniel wí. Ó fa àpótí kan, ó jókòó tì í.